Àlùkérésé Lórí Ebè Àjíkẹ́

Inú Àjíkẹ́ kì í dùn láàárọ̀, gbogbo ará kílóòsì, ìyẹn òpópónà kékeré tó ń gbé ní Festac, ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá kí i kó tó wo oko rẹ̀ tán, yóò dá ọ lóhùn bí ẹni tí o jí lójú oorun. Bí o bá kí i lẹ́yìn tó wò ó tán, ó kù sọ́wọ́ ohun tójú rẹ̀ rí níbẹ̀. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ohun tójú rẹ̀ ń rí níbẹ̀ kò dára rárá, nítorí náà òṣé nìkan làwọn ènìyàn ń gbà lẹ́nu rẹ̀.

Oko tí à ń wí yìí kì í ṣe oko ńlá. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, láàárín ẹ̀yìn ilé alájà tí wọ́n ń gbé àti fẹ́ńsì wáyà tó wà létí kànáàlì. Ìjọba ló nilẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ti gbàgbé rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùgbé kílóòsì ló ní kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ máa dáko síbẹ̀ kí igbó má baà di ilé ejò, kí kálukú mú ẹ̀yìn fèrèsé tirẹ̀. Àdéhùn kan ṣoṣo ló so mọ́ ọn: ẹni tó bá jẹ́ kí apá tirẹ̀ digbó, wọ́n á gbà á fún aládùúgbò rẹ̀. Àjíkẹ́ ló ni apá ọ̀tún. Juliana aránṣọ, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé rẹ̀ sí ti Àjíkẹ́, ló ni apá òsì.

Òkèihò ni wọ́n ti bí Àjíkẹ́. Bàbá rẹ̀ kò tètè bí ọmọkùnrin, nítorí náà òun ló ń tẹ̀ lé e lọ sóko, òun ló sì kọ́ iṣẹ́ iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, láti orí ebè kíkọ títí dé bí wọ́n ṣe ń fa okùn iṣu sórí igi. Bàbá náà ní ọ̀rọ̀ kan tí kì í yé sọ. Ó ní ebè tí kò bá dé fìlà, oòrùn ni yóò jẹ èbù inú rẹ̀. Fìlà yìí ni koríko tí wọ́n ń kó lé orí ebè kí ilẹ̀ má baà gbóná mọ́ èbù. Koríko bẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ebè, wọ́n á fi erùpẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Àjíkẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe débi pé bàbá rẹ̀ kì í yẹ ebè tirẹ̀ wò.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ Ọ̀jẹ̀túndé, ẹni tó ń wakọ̀ fún ọ́fíìsì ìjọba kan, ó sì bá a wá sí Èkó nígbà tí ọ̀dà ara àwọn ilé Festac ṣì ń dán. Ó rò pé òwò lòun ń bọ̀ wá ṣe. Ilẹ̀ ilé-ìwé ló wá ń fọ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kọ ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tó ọmọ inú rẹ̀ ń pè é ní ìyá afọlẹ̀, àwọn tíṣà náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọ̀jẹ̀túndé kú, ó fi ilé àti ọmọbìnrin kan, Débọ́lá, sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni ó ti ya òǹrorò. Nínú gbogbo Èkó, orí ebè nìkan ni kò ti sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún un. Bí wọ́n bá gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sunkún, yóò sì wá ilé mìíràn. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀ ẹ̀yìn fèrèsé yẹn, kò mọ ohun tó tún kù tí wọ́n lè pè ní Àjíkẹ́.

Juliana ní tirẹ̀ kì í ṣe ará oko. Festac ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ló ń gbìn sápá tirẹ̀, ó máa ń wọ bàtà sílípáàsì sínú oko, ó sì máa ń kọrin òyìnbó bó bá ń bomi rin ẹ̀fọ́. Àjíkẹ́ kò lè gba èyí mọ́ra. Ó ní ẹni tó bá ń kọrin sí ẹ̀fọ́ kò ní iṣẹ́ ṣe. Juliana sì ní Màmá Débọ́lá burú ju ajá olówó lọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, ọ̀kan ń pòṣé, èkejì ń rẹ́rìn-ín, ògiri kan ṣoṣo ló sì là wọ́n.

Ìjà gidi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀. Àjíkẹ́ ti gbin èbù rẹ̀ tán, ó ń dé fìlà fún ebè. Kò sí bẹ́rẹ́ ní Festac, ṣùgbọ́n àlùkérésé pọ̀ lórí fẹ́ńsì kànáàlì. Ta ni kò mọ àlùkérésé? Ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, okùn rẹ̀ ń lọ́ mọ́ ohunkóhun tó bá dúró, òdòdó rẹ̀ a máa yọ láàárọ̀ ní àwọ̀ àlùkò, a sì rọ nígbà tí oòrùn bá mú. Àjíkẹ́ fà á wálẹ̀ lápá-lápá, ó ń tẹ́ ẹ sórí ebè, ó ń fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni Juliana yọ lápá òsì, pẹ̀lú sílípáàsì rẹ̀.

"Màmá Débọ́lá, ẹ jọ̀ọ́ mà, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa oko yín."

Àwọn obìnrin méjì kan ń pọnmi níbi táàpù tó wà nítòsí. Bóyá nítorí tiwọn ni ọ̀rọ̀ náà fi dun Àjíkẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó nà ró.

"Ìwọ? Ìwọ tí o kò mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí ewé ewùrà, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ oko? Ọmọ onísílípáàsì! Gbọ́ o, Juliana, bí o bá tún fi ẹnu rẹ kan oko mi, ohun tí ojú ẹ bá rí, má bi mí."

"Ṣùgbọ́n mà, mo kàn fẹ́..."

"Mo ní má fẹnu kàn án! Ìbáà jẹ́ iná ló ń jó níbẹ̀, má pè mí!"

Juliana wo àwọn tó ń pọnmi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó mi orí.

"No problem, mà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o. Iná ì báà jó, mi ò ní pè yín."

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ẹyin nígbà tí inú bá ń bí i? Àjíkẹ́ padà sídìí ebè rẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé òun ti bá a wí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àlùkérésé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lóko rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ lórí ebè tó wà létí fẹ́ńsì, Àjíkẹ́ tu ú. Ó yọ lórí méjì mìíràn. Nígbà tí okùn iṣu yóò fi mú igi rẹ̀ gùn, àlùkérésé ti ṣáájú rẹ̀ gùn ún. Ó lọ́ mọ́ okùn iṣu, ó fún un lọ́rùn, ó na ewé tirẹ̀ bo ewé iṣu títí tí oòrùn kò fi rí iṣu mọ́. Àjíkẹ́ a tú u lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárọ̀, bó bá máa fi di ọjọ́ mélòó kan, a tún ti lọ́ mọ́ ọn. Ìyọnu tirẹ̀ kò dà bíi ti koríko mìíràn. Bí o bá fi àdá gé e, ibi tí o gé á yọ orí méjì. Bí o bá fi ọkọ́ ro ó, ilẹ̀ á mọ́ lójú, gbogbo èérún tí ọkọ́ gé sínú ilẹ̀ á sì dìde.

Ó wojú apá òsì. Apá òsì mọ́ tónítóní. Tẹ̀tẹ̀ Juliana dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sí àlùkérésé kankan níbẹ̀. Ohun tí Àjíkẹ́ rí nìyẹn tó fi gbà pé ọwọ́ Juliana ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń da ìdọ̀tí sílé ẹlòmíràn, ilé tirẹ̀ ló máa ń mọ́.

Débọ́lá, ọmọ rẹ̀, ló wá bu epo sí iná yìí. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní apá Raji Rasaki ló sì ti ń sin Ọlọ́run, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé tí kì í rí ọ̀tá nídìí rẹ̀. Ó wo oko ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó mi orí.

"Mọ́mì, èyí kì í ṣe ojú lásán. Ẹ wò ó bó ṣe ń fún nǹkan lọ́rùn. Spirit tó ń fún ògo lọ́rùn nìyẹn. Obìnrin yẹn ló wà nídìí ẹ̀."

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ni Àjíkẹ́ wí.

Débọ́lá gbé òróró wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbààwẹ̀, ó dà á yí oko po, ó gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Lọ́jọ́ kejì àlùkérésé ń dán lábẹ́ oòrùn, ó lẹ́wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àjíkẹ́ kó ìdì kan, ó lọ jù ú sẹ́nu ọ̀nà Juliana lójú àwọn oníbàárà tó wá wọn aṣọ. "Gba ẹrù ẹ! Mo ní gba ẹrù ẹ, oníṣẹ́ ibi!" Juliana jáde, ó wo ìdì náà, ó wo Àjíkẹ́. Ó kó ìdì náà, kò jù ú sórí ilẹ̀ o, orí pèpéle kọnkéré ló tẹ́ ẹ sí, níbi tí oòrùn ti ń pa. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ fẹjọ́ sùn.

Ọ̀dọ̀ Alàgbà Bọ́lárìnwá ló gbé e lọ. Alága kílóòsì ni, ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka bí ẹni pé pátákó wà níwájú rẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀ náà. Ìyá kan lájà òkè ti ń pariwo pé òun rí ejò nínú àlùkérésé ọ̀hún. Alága gbọ́ ẹjọ́ Àjíkẹ́, ó gbọ́ ti Juliana, kò gba tẹni kankan gbọ́. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ń da igbó sóko ẹnì kan, òun mọ ibi tí igbó wà. Ó ní lọ́jọ́ ìmọ́tótó Sátidé tó máa parí oṣù Júláì, òun á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Apá tí òun bá ti bá àlùkérésé, òun á gbà á, òun á fi kún ti èkejì, ọ̀rọ̀ sì ti parí.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀!" Àjíkẹ́ ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ oko á hàn níjọ́ náà."

Láti ọjọ́ yẹn ni Àjíkẹ́ kò ti sinmi mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni ó ti wà lóko, ọkọ́ lọ́wọ́, ìró nídìí. Ó ro ó, ó tu ú, ó fà á, ó ń bú u bí ẹni tó ń bú orogún. Gbogbo èyí tó bá tu, kò dà á nù. Ta ló ń da ohun tó tu lóko nù? Bàbá rẹ̀ kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Fìlà ebè ti ń tín-ín-rín, òjò ti ń wọ́ ọ lọ, nítorí náà ó ń kó àlùkérésé tó tu, ó ń tẹ́ ẹ sórí ebè, ó ń fi erùpẹ̀ tuntun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn nínú pé òun fi ọ̀tá ṣe fìlà fún iṣu òun. Ní Òkèihò, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ tí oòrùn ti ń mú, irú ewé tútù bẹ́ẹ̀ ì bá ti rọ kó tó di ọjọ́ kejì. Etí kànáàlì ni ibí, ilẹ̀ kì í gbẹ, òjò oṣù Júùnù kò sì fún oòrùn láyè. Àjíkẹ́ ti gbé Èkó pẹ́, ṣùgbọ́n kò tí ì gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó rí.

Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ Juliana ń kùn. Bí Àjíkẹ́ bá ti kó àlùkérésé lọ́wọ́ tó ń lọ sídìí ebè, ẹ̀rọ náà a dákẹ́. Bó bá tẹ́ ẹ tán, ẹ̀rọ a tún bẹ̀rẹ̀. Àjíkẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dákẹ́, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ajẹ́bi ń ṣọ́ òun.

Lọ́jọ́ kan Juliana jáde. Ó dúró sí ààlà, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó hàn pé inú rẹ̀ kò balẹ̀. Àjíkẹ́ gbé ojú sókè, ó rí i, ó pòṣé kan tó gùn, ó sì tutọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Juliana wo itọ́ náà. Ó yí padà, ó wọlé. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ọjọ́ Sátidé ọ̀hún pé. Àjíkẹ́ ti fi gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú tu gbogbo ohun tó ń jẹ́ àlùkérésé lórí ilẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ dé fìlà tó nípọn fún ebè. Ó wẹ̀, ó wọ búbà tó mọ́, ó dúró síwájú oko rẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí Alága dé pẹ̀lú àwọn ará kílóòsì, ọ̀mùnú ewé kékeré ti ń yọ orí jáde lára fìlà ebè kan, lára èkejì, lára gbogbo wọn.

Alága wọ àárín ebè lọ. Ó ki ọ̀pá rẹ̀ bọ abẹ́ fìlà ebè tó sún mọ́ ọn, ó gbé e sókè. Fìlà náà kọ̀, kò dìde. Ó fi ipá gbé e, ó wá dún fàà bí aṣọ tó ya. Gbogbo ojú rí i. Níbi gbogbo tí oríkèé okùn àlùkérésé ti kan erùpẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò, gbòǹgbò funfun tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti di orí ebè náà mú bí ọwọ́ ọmọ ọwọ́ ṣe ń di irun ìyá rẹ̀ mú.

"Ta ló kó eléyìí síbí?" Alága bèèrè. "Kò hù níbí o. Ẹnì kan ló gbìn ín. Ta ni?"

"Ẹ bi Juliana!" Àjíkẹ́ pariwo. "Ẹ bi í!"

"Juliana, ǹjẹ́ o rí ẹni tó kó o síbí?"

"Mo rí wọn, sà."

"Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ayé, ẹ gbọ́! Jẹ́wọ́!"

"Màmá Débọ́lá ni," Juliana wí. Kò gbé ohùn sókè. "Àwọn fúnra wọn ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbin iṣu ni wọ́n ti ń kó o lé e. Èmi náà ti fi bo ẹ̀fọ́ mi rí lọ́dún kan, ó sì hù bó ṣe hù yìí. Látìgbà yẹn, tí mo bá ti tu ú, orí kọnkéré ni mo máa ń sá a sí kó lè kú."

Àjíkẹ́ wo ebè. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, erùpẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti tún un sọ fún un. Gbogbo àárọ̀ tó fi ń jà, iṣẹ́ ọ̀tá ló ń bá ọ̀tá ṣe. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"O mọ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "O ń wò mí látojú fèrèsé. O mọ̀, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní ìbáà jẹ́ iná, kí n má pè yín."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹnì kan sì ní kó dákẹ́. Alága fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà sílẹ̀ láti ògiri títí dé fẹ́ńsì, ó ní kí Juliana máa kó irinṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ lápá ọ̀tún, kí Àjíkẹ́ wa iṣu rẹ̀ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Iṣu tó wà náà kò ju ìkúùkù lọ. Ó dun Àjíkẹ́. Ó dùn ún ju ikú Ọ̀jẹ̀túndé lọ, ó sì mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí Ọ̀jẹ̀túndé ṣe kú, Ọlọ́run ló mú un. Èyí, ẹnu òun ni.

Kò torí ìyẹn foríji Juliana. Kí ẹnikẹ́ni má rò bẹ́ẹ̀. Ó kórìíra rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí tẹ́lẹ̀, irọ́ ló fi kórìíra rẹ̀, òótọ́ ló wá fi kórìíra rẹ̀ báyìí. Débọ́lá ní kí wọ́n jọ gbàdúrà ìdáríjì. Àjíkẹ́ ní kó gbé òróró rẹ̀ kúrò níwájú òun.

Ó bu erùpẹ̀ nínú oko náà sínú àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti tán, ó tò wọ́n sábẹ́ fèrèsé, ó gbin èbù sí i. Àlùkérésé tẹ̀ lé erùpẹ̀ wá. Ibẹ̀ ló ti wá ráyè wò ó dáadáa, nítorí ohun tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè sá fún ojú. Ó rí i pé èyí tó bá ti inú hóró jáde, ewé méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń là ní orí bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọdé. Ó fi ìka kan okùn rẹ̀, ó rí i pé ó nírun. Ó jẹ́ kí ọ̀kan dàgbà, ó rí i pé ewé kan tó ṣe kóńkó bí ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé òdòdó rẹ̀ dání, tí hóró á sì gbó sínú rẹ̀, á gbọ̀n sílẹ̀, á máa dúró de òjò lọ́dọọdún. Ó wá mọ̀ pé kó tó yọ òdòdó ló yẹ kí ènìyàn mú un, kó fi ọwọ́ wá gbòǹgbò rẹ̀ kàn, kó má fi ọkọ́ gé e. Gbogbo èyí tó tu, orí wáyà ìsáṣọ ló ń fi kọ́ títí yóò fi máa dún pàrì-pàrì, kó tó dáná sun ún. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́. Ó mọ àlùkérésé nígbà tí kò ní oko mọ́.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, Juliana lọ ra okùn ọ̀dùnkún lọ́wọ́ àwọn Mọ́là ará Òkè Ọya tó ń gbin ẹ̀fọ́ lápá Trade Fair, ó sì gbìn ín sórí gbogbo apá ọ̀tún. Ó ní ọ̀dùnkún kò ní wàhálà, ó máa ń bo ilẹ̀ fúnra rẹ̀, oníbàárà sì pọ̀ fún òun lọ́dún náà. Ọ̀dùnkún bo ilẹ̀ lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àjíkẹ́ dúró lójú fèrèsé rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ tó ti jẹ́ tirẹ̀, ó sì rí i.

Ewé ọ̀dùnkún rí bí ọkàn, ti àlùkérésé náà rí bí ọkàn. Okùn wọn ń wọ́ nílẹ̀ bákan náà. Ẹni tó kàn ń tu ú dà nù kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ wò. Ṣùgbọ́n Àjíkẹ́ ti gbé e lọ́wọ́. Ó jáde, ó dúró sí ààlà, ó sì rí irun lára àwọn okùn tó wà níwájú rẹ̀. Ó rí ṣòkòtò ọmọdé, ó pọ̀ lábẹ́ ewé. Hóró ọdún tó kọjá ni. Kò tí ì yọ òdòdó. Bí ènìyàn méjì bá kúnlẹ̀ tì í ní àárọ̀ díẹ̀, wọ́n á tu ú tán. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbọn hóró, ilẹ̀ náà ti lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní wúlò fún Juliana, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ náà ló ṣe é láàánú, kì í ṣe ẹni tó ń lò ó. Ó wo ibi tí ebè rẹ̀ àkọ́kọ́ wà nígbà tí Ọ̀jẹ̀túndé ṣì ń jókòó lójú fèrèsé fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó la ẹnu.

"Juliana."

Juliana gbé orí jáde lójú fèrèsé, téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọ lọ́rùn. "Mà?" Ó wo ibi tí ojú Àjíkẹ́ wà, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ń wo ọ̀dùnkún mi? Ẹ ò rí bó ṣe ń tàn! Ilẹ̀ yẹn dáa gan-an o. Ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ni ò mọ̀ ọ́n lò."

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n Àjíkẹ́. Ó tún wo ilẹ̀ náà, ojú rẹ̀ ń ta á.

"Ó ń tàn lóòótọ́," ó wí. "Kú iṣẹ́."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àjíkẹ́ fa àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀, ó sì jókòó, ó ń retí ìgbà tí òdòdó máa yọ.